Bàbá Pè Mí Lọ́mọ, Mo Sì Jí Fìlà Ogun Ilé Wọn

Ẹ̀yin tó bá ń ṣe bíi kẹ́ ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á parí. Èmi fúnra mi ti bú ara mi títí, ẹnu ti ń ro mí.

Gbémiga lorúkọ mi. Ọmọ Ìkirè ni mí, àmọ́ Mowe ni mò ń gbé, níbi tí mo ti ń ṣe àga aláfóòmù. Bí àga yín bá ti jìn, tí awọ rẹ̀ ti ya, èmi lẹ máa pè. Mi ò kì í fi iṣẹ́ ṣeré, mi ò sì kì í gba ìsọkúsọ lẹ́nu kọ́sítọ́mà. Wọ́n ní mo máa ń tètè bínú. Òótọ́ ni.

Rosemary, ìyàwó mi, lọ sí ìlú òyìnbó láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Ó mú Jọmílójú, ọmọ wa kan ṣoṣo, dání. Àdéhùn wa ni pé màá tẹ̀ lé wọn. Wọn ò fún mi ní físà. A tún gbìyànjú, wọn ò tún fún mi. Nígbà tó yá, a ò dárúkọ físà mọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ó di ìparí ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí Jọmílójú kàn yọjú lórí fídíò, "Good evening, Daddy," ó ti sá lọ. Ọmọ tí mo máa ń pọ̀n sẹ́yìn bí mo bá ń kan ìṣó.

Ẹ má rò pé ẹjọ́ ìyàwó mi ni mo wá rò. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ilé mi dákẹ́. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo wọlé, màá ní, "Ẹ kú ilé o." Ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣì máa ń sọ ọ́, torí tí mi ò bá kí ilé, ó máa ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fìlà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Wọ́n pè mí sí OPIC Estate pé kí n wá gbé àpótí ìjókòó àtijọ́ kan, kí n bá wọn pààrọ̀ awọ rẹ̀. Nígbà tí mo tú ìdí rẹ̀, mo bá nǹkan funfun kan níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé. Àṣíborí sójà òyìnbó ni, irú èyí tí wọ́n ń dé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbógun wọ ilẹ̀ wa. Etí rẹ̀ fẹ̀, irin ṣóńṣó kan sì wà lórí rẹ̀ gan-an.

Mo pe onílé lórí fóònù. Ó ní, "Ti bàbá àgbà ni. Ẹ bá mi sọ ọ́ nù jàre, aáyán á ti yé sí i."

Mi ò sọ ọ́ nù. Mo nù ún, mo dé e, mo dúró níwájú dígí. Ẹ̀rín pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn kẹ́yìn.

Mo wá fi fóònù wádìí rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé fìlà ológun àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ? Fìlà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dáadáa, tí ẹni tó dé e ti di erùpẹ̀. Mo rí ẹgbẹ́ àwọn tiwa lórí Wásáàpù, mo wọ ibẹ̀, mo gbé fọ́tò àṣíborí mi síbẹ̀. Kí n tó bu omi mu, wọ́n ti ń kí mi. "Ọ̀gá Gbémiga, ẹ káàbọ̀." "Ọ̀gá, eléyìí ga o." "Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí i?"

Èmi tí wọn kì í kí láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó bá ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ iye tí mo máa gbà, fóònù mi wá ń dún ṣáá nínú àpò. Bí mo ṣe kó wọnú rẹ̀ nìyẹn. Mo ra fìlà pupa gígùn tó ní òwú wajawaja lórí, irú èyí tí àwọn sójà Haúsá ìjọba Èkó dé nígbà tí òyìnbó lọ ja Ìjẹ̀bú lógun. Mo ra dúdú kan tó ní bàbà níwájú lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Gánà. Mo kan pákó mọ́ ògiri pálọ̀, mo tò wọ́n síbẹ̀. Bí mo bá wọlé, àwọn ni mò ń kí.

Ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa ni Alàgbà Ògúnbọ̀dé. Mi ò tíì fojú kan wọn nígbà yẹn, àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo wa máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ pé: "Ti òyìnbó la kàn ń kó jọ bí ẹrú. Ta ló ní fìlà ogun tí àwọn baba wa dé? Ẹni tó bá mú ọ̀kan wá síbi àfihàn fìlà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe, ọkùnrin ni màá pè é."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́kùnrin.

Mo ní kọ́sítọ́mà kan ní Ibafo, Sọ̀fíyátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Ashraf la máa ń pè é. Ó ní àga bàbá òun tó wà ní Ifọ ti jìn débi pé bàbá kì í lè dá dìde lórí rẹ̀ mọ́, bàbá ò sì gbà kí wọ́n gbé àga náà jáde nílé. "Bọ̀dá Gbémiga, ẹ bá mi débẹ̀ lọ ṣe é, ẹ má bínú." Mo kó irinṣẹ́, a lọ.

Bàbá Sùlèímọ́nù ni bàbá rẹ̀, olórí ẹbí, onílé àtilẹ̀wá ní Ifọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì dìde tán tí wọ́n fi ní, "Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ ná, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ níṣẹ́. Kín lo jẹ láàárọ̀?"

Mo ní mo mu tíì.

"Tíì. Ọkùnrin gìdìgbà bíi tìẹ." Wọ́n kígbe sínú ilé pé, "Ẹ bu ìrẹsì wá fún ọmọ yìí."

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni, nínú ewé. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni omi ń bọ́ lójú mi, mo sì purọ́ pé ata ló ta mí. Kì í ṣe ata. Mi ò rántí ìgbà tí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè yẹn kẹ́yìn.

Mo ki fóòmù yẹ́lò tó le dáadáa sínú àga náà. Bàbá jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní, "Àga yìí ti gbé mi dìde kí n tó rò ó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ifọ láìsí iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sunday, dípò kí n jókòó ti fìlà nínú ilé, màá wọ mọ́tò. Bí mi ò bá lọ, Bàbá á pè. "Gbémiga, ọmọ mi, ṣé kò sí?" Wọ́n sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má pè mí ní àlejò mọ́. Àbúrò wọn, Bàbá Sàhéèdì, tó máa ń le koko, náà gbà. Èmi àti Ìyá Ashraf wá dà bí ọmọ ìyá.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ní kí n bá wọn mú búta omi wá nínú yàrá, wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n fi kọ́ ìṣó, wọ́n ta aṣọ funfun bò ó, etí rẹ̀ kan ló yọ.

"Bàbá, fìlà wo nìyẹn?"

"Fìlà ogun ni. Ẹni tó tẹ ilé yìí dó ló dé e lọ sógun Dàhòmì, ó sì dé e bọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ olórí ilé ló ni ín. Gbé e wá kó o wò ó."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Awọ ni, ó ti dúdú, wọ́n rán tírà wẹ́wẹ́ yí i ká, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti bo ọrùn. Aṣọ kíjìpá ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ba kókó wẹ́wẹ́ lábẹ́ aṣọ náà.

Mo yọwọ́ kíá. Oògùn ni, mo wí nínú ara mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, àmọ́ ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré pé ohun tí àwọn ológun bá dì, a kì í tú u. Mi ò béèrè lọ́wọ́ Bàbá. Ká ní mo béèrè ni, wọn ì bá sọ fún mi, mi ì bá sì má kọ̀wé yìí. Ẹ̀rù bà mí, mo kàn yọ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Mo gbé fọ́tò náà sórí Wásáàpù. Ariwo sọ. Alàgbà Ògúnbọ̀dé fúnra wọn pè mí. "Gbémiga, tìẹ ni?" 

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló jáde lẹ́nu mi, gbogbo ìyókù sì tẹ̀ lé e.

Mo padà lọ bá Bàbá. Mo ní, "Bàbá, kòkòrò ti ń jẹ etí awọ fìlà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ tún ṣe." Kì í ṣe irọ́, kòkòrò wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìkan ni irọ́.

Bàbá gbójú sókè wo fìlà náà. "Fìlà yìí ò sùn níta rí."

"Màá tọ́jú rẹ̀, Bàbá."

"Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, mi ò ní gbà." Wọ́n fi aṣọ funfun yẹn wé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ọmọ ilé ló gbé e, kò kúrò nílé nìyẹn."

Mo búra fún yín, nígbà tí mo wà nínú mọ́tò, èrò mi ni pé mo kàn yá a ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí pákó láàárín àwọn yòókù, mi ò lè fojú inú rí i kó tún kúrò níbẹ̀. Òun nìkan ló dà bí ẹni tó mọ ilé.

Ọwọ́ mi gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Mo rán òmíràn tó jọ ọ́, èyí tí màá gbé padà fún Bàbá. Mo mú awọ tí mo tú lára àpótí OPIC ọjọ́sí, mo fi tíì rẹ ẹ́, mo fi èédú kùn ún. Mo fi páálí ṣe tírà, mo fi awọ wé e. Mo wá kíjìpá àlòkù. Mi ò jẹ́ tú inú ti òótọ́ wò, ẹ̀rù oògùn ò jẹ́. Torí náà, kí èyí tí mo ṣe lè ní kókó wẹ́wẹ́ bíi ti òótọ́, mo gé fóòmù sí i. Fóòmù tó ṣẹ́ kù lára ti àga Bàbá ló wà nítòsí, òun ni mo lò.

Nígbà tí mo gbé méjèèjì síra wọn, inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Mo gbé ayédèrú lọ sí Ifọ. Bàbá gbé e lé orí. Wọ́n ṣí i. Wọ́n tún un dé.

"Ó ti fúyẹ́."

"Eruku inú rẹ̀ ni mo gbọ̀n dànù, Bàbá."

Wọ́n wo ojú mi. "Eruku," ni wọ́n wí. Wọ́n ṣí i lórí, wọ́n gbé e lé itan. "Ó dáa. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Mo jẹ ìrẹsì ọjọ́ yẹn bí ẹni ń gbé iyanrìn mì.

Ọjọ́ àfihàn dé. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà ni. Àwọn èèyàn rọ́ bo fìlà náà, wọ́n ń yà á ní fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan ní kí n sọ ìtàn rẹ̀. Mo gbẹ́nu sókè, mo ní, "Bàbá bàbá bàbá mi ló dé e lọ sógun Dàhòmì, ó sì dé e bọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ará Ìkirè ni mí o. Mo ti jí fìlà, mo tún wá jí baba àwọn ẹni ẹlẹ́ni mọ́ ọn.

Alàgbà Ògúnbọ̀dé bọ̀ mí lọ́wọ́. Fìlà ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí oúnjẹ tó, oníkálukú wà pẹ̀lú ẹni tó mọ̀. Orí àtẹ̀gùn ìta ni mo ti jẹ míìtì páì mi, mo gbé fìlà sí ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá mi wá. Mo padà sí Mowe, mo gbé e sórí pákó, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Ilé dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá kò dẹ́kun pípè.

"Gbémiga, a ò rí ọ."

"Iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Iṣẹ́ kì í tán. Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ bá mi sọ?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ó dáa. Ọjọ́ tó o bá rántí, máa bọ̀. A ò tilẹ̀kùn."

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bákan náà, ohùn pẹ̀lẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Ní ọjọ́ kan mo wé fìlà náà, mo gbé e dé gáréèjì Mowe, mo sì padà sílé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo gbàgbé? Ẹni tó gbàgbé kì í rán òmíràn. Nígbà tó yá, bí mo bá rí orúkọ Bàbá lórí fóònù, màá dojú rẹ̀ délẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù títí dòní. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wá mi láyé yìí, èmi ni mò ń sá fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ashraf pè.

"Bọ̀dá Gbémiga, Bàbá ti lọ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ máa bọ̀ kíákíá. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bàbá ní ká dúró dè yín."

Mo sunkún nínú mọ́tò. Àmọ́ màá sọ òótọ́ fún yín, bó ti wù kó burú tó. Nínú ẹkún yẹn, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní ẹni tó mọ bí fìlà ti wúwo tó ti lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo fi ti òótọ́ sílẹ̀ lórí pákó.

Nígbà tí mo dé Ifọ, Ìyá Ashraf ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi.

"Ẹ ò gbé nǹkan kan dání?"

Mo rò pé ohun tí èèyàn ń gbé lọ kí olókùú ló ń bi mí. "Ẹ má bínú, mi ò tiẹ̀ dúró ra nǹkan kan."

Ó tún wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ wọlé." Ó mú mi lọ sórí ẹní àwọn ọmọ Bàbá, ó ní ibẹ̀ ni Bàbá ní kí n jókòó.

Wọ́n ti wẹ Bàbá, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n. Bàbá Sàhéèdì gbé fìlà ogun jáde nínú yàrá. Àfáà dìde, wọ́n ń lọ síta. Wọ́n ní, "Ẹ ṣe tiyín kíá."

Bàbá Sàhéèdì kọjú sí wa. "Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí i rí, ẹ wò ó dáadáa. Bí olórí ilé yìí bá kú, a máa ń gé díẹ̀ lára fìlà tó ń dé lójoojúmọ́. A ó dì í ní kókó, a ó rán an sínú fìlà yìí kí òkú tó jáde nílé. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó kàn á dé e. Gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀, látorí ẹni tó lọ sógun. Kì í ṣe òrìṣà, kì í ṣe oògùn. Ká má baà gbàgbé wọn ni."

Àwọn kókó tí mo rò pé oògùn ni. Èèyàn ni gbogbo wọn.

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Àyè ṣì wà. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé.

Ìyá Ashraf mú síṣọ́ọ̀sì, ó gé etí fìlà eérú tí Bàbá máa ń dé, ó dì í ní kókó, ó gbé e lé Bàbá Sàhéèdì lọ́wọ́. Bàbá Sàhéèdì dojú fìlà ogun délẹ̀, wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì ṣí aṣọ inú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ bí fóòmù ṣe máa ń ṣe bí ẹ bá tú u sílẹ̀. Ó yọ jáde fúnra rẹ̀, yẹ́lò. Ọ̀kan jábọ́ sórí aṣọ funfun tó wà lára Bàbá, wọ́n sì yára ṣà á kúrò.

Bàbá Sàhéèdì mú ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó wú padà. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo àga Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n rìn débẹ̀, wọ́n gbé tìmùtìmù rẹ̀ sókè, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí awọ ti ṣí díẹ̀.

"Fóòmù àga ẹ̀gbọ́n mi rèé."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ìyá Ashraf ni mo ń wò. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá mọ̀."

"Ìyá Ashraf..."

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e dé ni wọ́n ti mọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bi yín. Wọ́n ní, 'Nǹkan mi wà lọ́wọ́ Gbémiga, á mú un wá fúnra rẹ̀. Tí mo bá kú kó tó mú un wá, ẹ dúró dè é, á gbé e dání.'" Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. "Mo wo ọwọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó."

Mo dojú bolẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó wà ní Mowe. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gbé e wá."

"Mowe," ni Bàbá Sàhéèdì wí. Gbogbo wa ló mọ ọ̀nà Ifọ sí Mowe. Kí n tó lọ, kí n tó bọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú. Níta, Àfáà wúkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dúró dè mí."

"Wọ́n ti dúró dè ọ́ nígbà tí wọ́n wà láàyè," ni Bàbá Sàhéèdì wí. "A ò ní jẹ́ kí wọ́n tún fi òkú dúró dè ọ́."

Wọ́n gbé Bàbá jáde. Kókó fìlà eérú yẹn wà ní ìkúùkù Bàbá Sàhéèdì. Wọn ò rí ibì kankan fi sí.

Kò sẹ́ni tó lù mí. Kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Ká ní wọ́n tiẹ̀ lù mí ni, ara ì bá tù mí. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ síbi ìrun òkú, obìnrin kan sì rọra fa ẹní lábẹ́ mi, ó ká a.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé fìlà náà padà, nínú aṣọ funfun tí Bàbá fi wé e. Mo rò pé Ìyá Ashraf á gbà á lẹ́nu ọ̀nà kó tilẹ̀kùn. Ó ní kí n wọlé. Bàbá Sàhéèdì jókòó, wọn ò dáhùn ìkíni mi. Ìyá Ashraf tọ́ka sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ tú u."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rán awọ. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ rán Bàbá sí i."

Mo tú u. Inú tí mo sá fún láti ọjọ́ yìí wá, mo fọwọ́ ara mi ṣí i. Kókó aṣọ ni wọ́n, wọ́n tò síra wọn bí ọmọ ìyá tó sùn lórí ẹní kan. Ọ̀kan jẹ́ etù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó tán. Ọ̀kan jẹ́ sányán. Ọ̀kan jẹ́ àrán pupa, ọ̀kan sì jẹ́ aṣọ funfun tó ti di aláwọ̀ ìyeyè. Orí kọ̀ọ̀kan, fìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé.

Mo gbé ti Bàbá sí i, ó ṣì ń rùn lọ́fíńdà wọn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi.

"Ẹ má jẹ́ kó kán sí i," ni Ìyá Ashraf wí.

Mo fi apá nu ojú, mo rán an. Ìránṣọ tó dáa jù tí mo tíì rán láyé mi ni. Bàbá Sàhéèdì gbà á, wọ́n gbé e lé orí, wọ́n dijú.

"Ó wúwo," ni wọ́n wí.

Ìyá Ashraf kó ayédèrú yẹn àti fóòmù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e fún mi. "Ẹrù yín."

"Ìyá Ashraf, ṣé mo ṣì lè máa yà kí yín nígbà míì?"

Ó wò mí pẹ́. Mi ò rí ìbínú lójú rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló burú jù.

"Rárá, Bọ̀dá Gbémiga. Ó dàbọ̀."

Ọ̀sán ni. Wọ́n ń dáná lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ òórùn ìrẹsì. Mo rìn gba àárín ilé kọjá títí mo fi dé títì, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù. Mi ò dágbére, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni béèrè mi. Àwọn fìlà yòókù ṣì wà lórí pákó, mi ò kí wọn mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nínú ilé tó dákẹ́ bíi tèmi, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún yín. Bí ẹnì kan bá bi yín pé ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ bá òun sọ, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Fìlà tí mo máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀bù wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti ṣá, òógùn ti mú un. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, tí mo ṣí i lórí, mo máa ń dì í mú fúngbà díẹ̀ kí n tó fi kọ́. Mo máa ń ronú ẹni tó máa gé e lọ́jọ́ kan, mo máa ń ronú inú fìlà wo ni wọ́n máa rán an sí. Mo fi í kọ́, mo sì lọ dáná.